Ẹsẹ̀ Ọparun Mẹ́ta àti Àpò Èwà

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó, ẹ sún mọ́ra. Ẹ̀yin tí ẹ dúró, ẹ wá ògiri fẹ̀yìn tì, nítorí ìtàn tí ó gùn kì í káàánú orúnkún. Bí Ọdẹ́rìndé, àgbà ọdẹ Abà Ìdí-Àràbà, ṣe rọ́ ọ fún àwọn tí òjò ká mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni a ó ṣe rọ́ ọ fún yín. Ibi tí ó bá ti fọ́nnu, a ó fi ìfọ́nnu rẹ̀ síbẹ̀. Ibi tí ó bá ti dákẹ́, àwa náà yóò dákẹ́.

Òjò ọ̀sán ni. Ó ká àwọn ará oko mọ́ ọ̀nà, wọ́n sì sáré wọ ilé ọdẹ. Nígbà tí wọ́n gbọn omi kúrò lára tán, ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri ara ògiri. Ìbọn ṣakabùlà wà níbẹ̀, agbárí ẹfọ̀n wà níbẹ̀, láàárín àwọn méjèèjì ni wọ́n sì fi ọparun mẹ́ta kọ́ sí. Wọ́n fi awọ ẹtu so ọparun náà pọ̀ lórí, ìkọ́ irin kékeré kan sì ń rọ̀ dirodiro lábẹ́ ibi tí wọ́n ti pàdé.

Ògúnṣọlá, tí òun àti Ọdẹ́rìndé jọ ń dẹ igbó láti ìgbà èwe, na ọ̀pá sí i. "Ọdẹ́, ìgbà wo lo fẹ́ fi igi ìdáná yìí dáná?"

"Ọjọ́ tí ìwọ bá gbé ẹran tí a ó fi í sè wálé ni," ni Ọdẹ́rìndé fi dá a lóhùn.

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ọdẹ́rìndé kò rẹ́rìn-ín. Ó fa àpótí ìjókòó rẹ̀ sún mọ́ ògiri. Ní ẹ̀yìnkùlé, obìnrin kan ń ṣa òkúta kúrò nínú èwà. Wọ́n ń gbọ́ bí òkúta náà ṣe ń bọ́ sínú agolo lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹsẹ̀ kámẹ́rà ni," ni ọdẹ wí. "Òun ni mo gbé lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni nínú yín, bí ó bá gbọ́ orúkọ ibẹ̀ lásán, yóò tọ̀ sára. N kò sọ ọ́ láti fi halẹ̀. Ẹ̀rù kò bà mí níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgboyà ló fà á. Ẹ máa gbọ́."

Ọdún tí èéyi jà ní abà náà ni. Ọdẹ́rìndé àti Àṣàkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti bí ìbejì, obìnrin ni àwọn méjèèjì, Táyé àti Kẹ́hìndé. Èéyi mú wọn pọ̀ lórí ẹní kan, ó sì fi ọ̀kan sílẹ̀. Táyé ni ó lọ. Ọdẹ́rìndé rántí pé omi àgbo tí wọ́n fẹ́ fi wẹ̀ ẹ́ ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú ìkòkò nígbà tí wọ́n gbé e jáde. Ó rántí pé adìẹ kan gun orí ẹní náà lẹ́yìn tí wọ́n gbé ọmọ kúrò, ó ń ṣa nǹkan jẹ, ẹnikẹ́ni kò sì lé e.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan kan ti kú nínú rẹ̀. Kò sunkún. Ó ń jẹun, kò sì lè sọ bóyá iyọ̀ wà nínú ọbẹ̀. Ẹ̀gún gún un lẹ́sẹ̀ lóko, ó délé kí ó tó rí ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá kí i pé, "Bàbá Ìbejì, ẹ kú àmúmọ́ra," yóò ní, "Ẹ ṣé o," bí ẹni tí wọ́n kí kú iṣẹ́.

Kẹ́hìndé ni ọ̀rọ̀ náà kàn jù. Kò jẹun mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni ó ń wò látàárọ̀ dalẹ́, bí ẹni pé wọ́n rán ẹnìkan níṣẹ́ tí onítọ̀hún pẹ́. Ní ayé àwọn baba wọn, wọn ì bá gbẹ́ ère fún èyí tí ó lọ. Ṣùgbọ́n ní ìgbà tiwọn, ayàwòrán ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè. Yóò ya ìbejì tí ó kù nínú aṣọ tirẹ̀, yóò tún yà á nínú aṣọ èkejì rẹ̀, lórí gíláàsì kan náà, kí àwọn méjèèjì lè jọ wà nínú fọ́tò kan.

Wọ́n ránṣẹ́ sí Láṣebìkan ayàwòrán ní òdìkejì odò. Kámẹ́rà rẹ̀ tóbi tó ilé adìẹ. Awọ inú rẹ̀ ká jọ bí ikùn ẹni tí ebi ń pa, gíláàsì tí ó fẹ̀ bí àwo ìjẹun ni ó ń gbà, Láṣebìkan a sì máa da aṣọ dúdú borí kí ó tó lè rí ohun tí ó fẹ́ yà. Kámẹ́rà náà ní ẹsẹ̀ irin, ṣùgbọ́n afárá ìtàkùn tí ó wà lórí odò kò gba kámẹ́rà kí ó tún gba irin. Ó fi ẹsẹ̀ sílẹ̀ ní èbúté, ó dojú odó Àṣàkẹ́ délẹ̀, ó gbé kámẹ́rà lé ìdí odó, ó sì ya ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí ó mú fọ́tò dé, Kẹ́hìndé gbà á, ó wò ó.

"Èmi nìyí," ni ó wí. Ó fi ìka kan èkejì. "Èmi náà tún nìyí. Táyé dà?"

Ọmọ náà dá fọ́tò padà fún ìyá rẹ̀. "Bí kò bá lè wá, màá lọ bá a," ni ó wí, ó sì kọjú sí ògiri. Láti ìgbà náà, omi nìkan ni ó ń gbà lẹ́nu, ìyẹn náà díẹ̀díẹ̀.

Kò pẹ́ sí i ni olóbì kan tí ó ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ yà sí abà. Ó ní òun rí ọmọdébìnrin kan ní ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ilẹ̀-Ń-Mì, ó ń pọn omi lódò, ilà ojú rẹ̀ dàbí ti ọmọ yìí gan-an, àpá iná sì wà lápá òsì rẹ̀. Àṣàkẹ́ gbá apá tirẹ̀ mú, nítorí láti ọwọ́ rẹ̀ ni iná ti ta sí Táyé lápá. Kò sí àgbàlagbà tí kò mọ ohun tí èyí jẹ́. Àkúdàáyà ni. Òkú tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé a máa lọ tẹ̀dó sí ibi tí a kò ti mọ̀ ọ́n, yóò máa ṣe bí alààyè. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá rí i tí ó sì dá a mọ̀, yóò pòórá, a kì yóò sì rí i mọ́ níbikíbi.

Ọdẹ́rìndé tọ Láṣebìkan lọ. "Ṣé kámẹ́rà rẹ lè ya ẹni tí ó ti kú?"

Láṣebìkan họ àgbọ̀n. "Bàbá Ìbejì, ohun tí oòrùn bá ti tàn sí, ó lè yà á."

"Kọ́ mi bí a ṣe ń lò ó."

Gíláàsì ńlá kan ṣoṣo ni ó kù lọ́wọ́ Láṣebìkan. Ó bá ọdẹ padà sí abà, ó gbé kámẹ́rà padà sórí odó, ó fi bébà dúdú bo apá ọ̀tún gíláàsì náà, ó ya Kẹ́hìndé sí apá òsì, bí ọmọ náà ṣe jókòó ti ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ojú tí kò wo nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ó sọ fún ọdẹ pé, "Apá ọ̀tún ti Táyé ni. Gíláàsì yìí lọ́ra láti gba àwòrán. Bí ẹ bá ṣí ojú kámẹ́rà, ẹ ki oríkì ìbejì látòkè délẹ̀ nínú ara yín kí ẹ tó dé e. Kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀kánkán ìdodo yín, bí odó yìí ṣe gbé e dúró. Kò sì gbọdọ̀ mì. Bí ó bá mì, èéfín lẹ máa gbé bọ̀, n kò sì ní gíláàsì mìíràn. Kí ọmọ náà má mira. Ẹ má jẹ́ kí ó fi nǹkan sẹ́nu."

"Odó wá ńkọ́?"

"Ta ni yóò gbé odó gba inú igbó? Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni kí ẹ wá. Ohun tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin a máa wá ilẹ̀ títẹ́jú kiri, ṣùgbọ́n ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù."

Ọdẹ́rìndé gé ìrókò, ó gbẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta nínú rẹ̀. Kámẹ́rà jókòó sórí rẹ̀ bí ẹni jókòó sórí àpáta, ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbìyànjú láti gbé àwọn méjèèjì pọ̀, ọrùn rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó gé àtòrì. Èyí fúyẹ́, ọwọ́ kan gbé e, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kámẹ́rà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Èyí tí ó dúró kò ṣe é gbé. Èyí tí ó ṣe é gbé kò dúró. Ó kó méjèèjì sídìí ààrò.

Nígbà tí ó ń lọ, ó gbé kámẹ́rà rù, ó fi ìbọn kọ́ apá kan. Àṣàkẹ́ gbé àpò kan jáde. Èwà ni ó wà nínú rẹ̀, ó ti yan án gbẹ nínú ìkòkò kí ó má baà bàjẹ́ lọ́nà, ó sì so ẹnu àpò náà ní ìdì líle.

"A kì í lọ kí ìbejì lọ́wọ́ òfo," ni ó wí. "Ẹ fún un kí ẹ tó bá a sọ ohunkóhun."

"Ó wúwo."

"Ẹ gbé e."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ara wọn sọ nìyẹn.

Ọ̀nà kò ṣe é ròyìn. Ó ń wá ẹsẹ̀ fún kámẹ́rà lọ, ó sì dé Igbó Ẹlẹ́sẹ̀-Púpọ̀. Iwin kan ni ó ni ibẹ̀, Alágbẹ̀dẹ-Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí gbogbo ẹsẹ̀ tí ń bẹ láyé, ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti jáde. Orí rẹ̀ tó agbọ̀n, kò sì ní ọrùn. Ó jókòó lórí ẹsẹ̀ tí ó pọ̀ bí ewé ilẹ̀, méjì nínú wọn kò sì jọra: ẹsẹ̀ erin, ẹsẹ̀ alákàn, ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì, ẹsẹ̀ arúgbó tí ó wú. Nígbà tí ó rí ọdẹ, gbogbo ẹsẹ̀ náà kilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ẹyẹ sì bọ́ láti orí igi.

"Ọmọ ènìyàn," ni iwin náà bú ramúramù, "ẹsẹ̀ rẹ ni n ó kọ́kọ́ jẹ!"

"Jẹ ẹ́," ni Ọdẹ́rìndé wí. "Ṣùgbọ́n fi ọ̀kan sílẹ̀ fún mi. Mi ò tíì dé ibi tí mò ń lọ."

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ògúnṣọlá dá a dúró. "Ìwọ? O sọ bẹ́ẹ̀ fún iwin?"

"Mo ní mo sọ ọ́."

"Ìwọ tí o sá fún ìnàkí lọ́jọ́sí tí fìlà rẹ ṣì wà lórí igi títí dòní?"

"Ìgbà tí mo sá fún ìnàkí, ara mi yè," ni Ọdẹ́rìndé wí. "Bí ẹ̀rù bá wá bá ènìyàn, yóò wá ibi jókòó. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, kò rí ìjókòó nínú mi."

Iwin náà pa ẹnu dé. Láti ìgbà tí ó ti ń dẹ́rù ba ènìyàn, kò tíì rí irú èyí, ó sì dùn ún. Ó ní kí ọdẹ sọ ohun tí ó bá wá. Nígbà tí ó gbọ́, ó gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta oríṣiríṣi síwájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ọdẹ tí ó wà níbí dákẹ́, kí wọ́n gbọ́ èyí. Bí ọdẹ bá fẹ́ so ẹ̀gùn sórí igi láti lúgọ de ẹran, kì í gbẹ́kẹ̀ lé ojú. Yóò gbé igbá omi lé ẹ̀ka náà, yóò sì dúró kí atẹ́gùn fẹ́. Bí omi bá ń gbọ̀n, ẹ̀ka náà yóò dalẹ̀ rẹ̀ ní ìgbà tí ẹran bá yọjú. Ohun tí Ọdẹ́rìndé ṣe nìyẹn. Ó gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ irin, ó gbé igbá omi lé kámẹ́rà: omi náà dákẹ́ bí omi kànga. Ó gbìyànjú láti gbé ẹsẹ̀ irin náà nílẹ̀, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ dún. Ó gbé e lé ẹsẹ̀ mìíràn tí wọ́n fi eegun ìyẹ́ igún ṣe, èyí tí ó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fẹ́ máa fò lọ: omi dà sí i lára. Báyìí ni ó ń dán wọn wò títí ó fi kan ọparun mẹ́ta kan tí eruku bò. Ó gbé e lé ìyẹn. Omi náà gbọ̀n, ó gbọ̀n, ó sì ń dákẹ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò dákẹ́ tán.

"Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ dára," ni ó wí. "Kí ló dé tí kò fi dúró tán?"

"Ó ṣófo nínú, bí ìwọ náà," ni Alágbẹ̀dẹ-Ẹsẹ̀ wí. "Ìkọ́ wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá já àlọ́ mi ni yóò mọ ohun tí ìkọ́ náà wà fún. Àlọ́ o."

"Àlọ̀."

"Kí ni ó ń tẹ ẹni tí ń rìn ba, tí ó sì ń di ẹni tí ó dúró mú?"

"N kò mọ̀."

"Èyí tí o mú yẹn náà lo máa gbé lọ, ẹni tí kò mọ̀. Ṣùgbọ́n omijé ni mo ń gbà. Sunkún sínú igbá yìí."

Ọdẹ́rìndé gbé igbá sábẹ́ àgbọ̀n. Ó dúró. Ó ronú kan omi àgbo tí ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ronú kan adìẹ orí ẹní. Kò sí nǹkan tí ó jáde. Iwin náà na ìka gbọọrọ kan, ó fi kan ìpéǹpéjú rẹ̀, ó sì fà á padà kíákíá.

"Èyí gbẹ ju èmi lọ," ni ó wí fún ara rẹ̀. "Máa gbé e lọ. N kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ irú yín." Gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kẹ́yìn sí i.

Láti ibẹ̀ ni ó ti já sí Ìlú Adoríkodò. Àwọn ará ibẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń rìn, ẹsẹ̀ wọn sì wà lókè bí ìwo màlúù. Kò tíì kọjá ẹnu ibodè nígbà tí wọ́n yí i ká.

"Ẹ wo bí ó ṣe ń fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ bí aláìlẹ́kọ̀ọ́," ni oníbodè wí. "Ta ló bí ọ? Gbé àpò yẹn sọnù kí o lè rí ààyè tọ́ ara rẹ. Ìwọ náà wo bí ó ṣe tẹ̀ ọ́ ba."

"Ẹni tí ó gbé e fún mi kò sọ pé kí n sọ ọ́ nù," ni Ọdẹ́rìndé wí. Kì í ṣe pé ó fẹ́ràn àpò náà. Okùn rẹ̀ ti fá èjìká rẹ̀ títí ó fi bó, ó kàn jẹ́ pé kò rí ìdí tí yóò fi gbé e kalẹ̀ síbì kan ju ibòmíràn lọ.

Wọ́n wọ́ ọ dé iwájú Baálẹ̀ wọn, arúgbó tí irùngbọ̀n rẹ̀ ń bo ojú rẹ̀ nígbàkúùgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́. Baálẹ̀ dá ẹjọ́ pé kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀ dé àyà, kí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, títí yóò fi mọ ìwà hù. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò. Ọdẹ́rìndé ń wo ihò náà bí ẹni ń wo ihò iṣu. Lẹ́yìn náà ni ó rántí pé bí wọ́n bá rì í, kò ní sí ẹni tí yóò gbé fọ́tò padà fún Kẹ́hìndé. Ó na ẹsẹ̀ ọparun, ó gbé kámẹ́rà lé e, ó sì ní kí Baálẹ̀ bọ́ sábẹ́ aṣọ dúdú kí ó wo òun nínú gíláàsì kí wọ́n tó ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wo ẹ̀yìn irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ rí, ẹ mọ̀ pé ohun gbogbo ni ó máa ń dorí rẹ̀ kodò níbẹ̀. Igi á so rọ̀, ọ̀run á wà nílẹ̀. Baálẹ̀ wọ abẹ́ aṣọ. Ó pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú.

"Ta ni ọkùnrin tí ó ní ìwà yìí?"

"Èmi ni," ni Ọdẹ́rìndé wí.

"Irọ́ ni. Láti àárọ̀ ni mo ti ń wo ìwọ. N kò mọ eléyìí rí." Ó yọ orí jáde, ó wo ọdẹ, ó tún wọlé. "Rárá o. Ojú tí mo mọ̀ kọ́ nìyí."

Wọ́n tú u sílẹ̀ nítorí ọkùnrin inú gíláàsì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Baálẹ̀ dúró sí Ọdẹ́rìndé lọ́kàn bí egungun ẹja lọ́fun. Ẹni tí a bá wò ní ìdoríkodò, a kì í dá a mọ̀. Ohun tí ó ti ń dà á láàmú láti ilé nìyẹn: báwo ni baba yóò ṣe wo ọmọ tí kò gbọdọ̀ dá mọ̀?

Ó dé Ilẹ̀-Ń-Mì. Bí orúkọ ibẹ̀ ni ibẹ̀ rí. Ilẹ̀ náà kì í sinmi, nítorí àwọn tí ń gbé orí rẹ̀ kò fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Ewé ń gbọ̀n láìsí atẹ́gùn. Ó bá ọ̀nà odò lọ, ó ti fi aṣọ dúdú bo orí, ilẹ̀ iwájú ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó ń wò. Ó na ọparun mẹ́ta sẹ́bàá odò, ó wọ̀n ọ́n dé ọ̀kánkán ìdodo rẹ̀, ó gbé kámẹ́rà lé e, ó gbé igbá omi lé kámẹ́rà. Omi náà ń gbọ̀n. Ó ya ẹsẹ̀ ọparun sí i, ó ń gbọ̀n. Ó tẹ ẹnu wọn wọ inú ẹrẹ̀, ó ń gbọ̀n síbẹ̀.

Nígbà náà ni ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọmọdé, pẹ̀lú garawa tí ó ń lu orúnkún. Ó kẹ́yìn sí i.

"Ta ló wà níbẹ̀ yẹn?" ni ohùn kan béèrè.

Ó rántí ohun tí Àṣàkẹ́ wí. Ó ki ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìdì àpò, níbi tí ó ti lanu díẹ̀, ó fi ìka fa èwà jáde títí ó fi kún àtẹ́lẹwọ́, ó sì na ọwọ́ náà sẹ́yìn láì bojú wẹ̀yìn. Ọwọ́ kékeré kan kó èwà náà. Ọdẹ́rìndé sọ fún àwọn tí ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé ọwọ́ náà kò tutù, kò sì gbóná. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti tún ẹsẹ̀ ọparun náà ṣe, àpò yẹn yọ́ láti èjìká rẹ̀, ó sì fà á lọ́rùn títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Ó di ọparun mú. Ojú òun àti ìkọ́ náà ṣe mẹ́rin. Kí ni ó ń tẹ ẹni tí ń rìn ba, tí ó sì ń di ẹni tí ó dúró mú? Ó bọ́ okùn àpò náà kúrò lọ́rùn, ó fi kọ́ ìkọ́ náà. Èwà Àṣàkẹ́ rọ̀ sí àárín ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fà wọ́n mọ́lẹ̀. Omi inú igbá dákẹ́ bí ojú ẹni tí ó ti sùn.

"Dúró síbi igi yẹn," ni ó wí, ó yí ohùn padà bí ohùn ayàwòrán. "Má mira."

Ó wọ abẹ́ aṣọ. Lórí gíláàsì, ọmọdébìnrin kan so rọ̀ láti òkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú igi, garawa rẹ̀ nínú ọ̀run, orí rẹ̀ nísàlẹ̀ bí èso. Ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ni. Ọdẹ́rìndé wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo ọmọ ẹni ẹlẹ́ni. Ó fi gíláàsì Láṣebìkan sí àyè rẹ̀, ó ṣí bébà dúdú kúrò lápá ọ̀tún, ó fi bo apá òsì, ó ṣí ojú kámẹ́rà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ìbejì nínú ara rẹ̀. Kò tíì kì í láti ọjọ́ tí adìẹ gun orí ẹní. Ó dé àárín rẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ ìró kan: kùrú, kùrú, kùrú. Ọmọ náà ń jẹ èwà. Ó rántí ìkìlọ̀ Láṣebìkan, ṣùgbọ́n ta ni ó ń gba èwà padà lẹ́nu ìbejì? Ó ki oríkì náà tán. Ó dé ojú kámẹ́rà.

"Ṣé ó ti tán?" ni ọmọ náà béèrè.

"Ó ti tán."

"Ohùn yín jọ ohùn bàbá mi."

Ọdẹ di etí aṣọ dúdú náà mú.

"Ẹ ṣí aṣọ yẹn kí n rí yín."

Aṣọ kan ṣoṣo ni ó wà láàárín wọn, kò sì nípọn. Ọwọ́ Ọdẹ́rìndé wà ní etí rẹ̀. Bí ó bá ká a, yóò rí ojú ọmọ rẹ̀ bí ojú ṣe ń rí, lórí ọrùn tí ó dúró ṣánṣán, fún ìgbà tí kò tó ìṣẹ́jú akàn. Lẹ́yìn náà, kò ní sí ẹni tí yóò máa pọn omi ní odò yẹn mọ́.

"Ó ku díẹ̀," ni ó wí. "Oòrùn ni mò ń dúró dè."

Ó dúró lábẹ́ aṣọ náà. Ó gbọ́ tí ẹsẹ̀ kékeré rìn sún mọ́ ọparun, tí ó dúró, tí ó sì padà. Ó gbọ́ garawa tí omi kún. Ó dúró títí kò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́, ó sì tún dúró lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tí ó jáde, àpò náà ti ṣófo lórí ìkọ́, ìdì tí Àṣàkẹ́ so sì wà bí ó ṣe so ó.

Ó padà dé abà. Láṣebìkan ti dí gbogbo ihò ara yàrá kan, ó gbé gíláàsì wọlé láti fọ̀ ọ́, ó sì pẹ́ kí ó tó jáde. Nígbà tí ó jáde, ojú rẹ̀ kò dán.

"Bàbá Ìbejì, ẹsẹ̀ yín dúró. Mo lè ka ewé igi ẹ̀yìn rẹ̀. Mo lè rí àpá iná ọwọ́ rẹ̀." Ó nu ọwọ́ sára aṣọ. "Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ di èéfín. Mo ṣáà sọ fún yín pé kí ó má fi nǹkan sẹ́nu."

"O sọ ọ́."

Wọ́n gbé fọ́tò fún Kẹ́hìndé bí ó ṣe wà. Ọmọ náà ti rù tó bẹ́ẹ̀ tí Àṣàkẹ́ ní láti gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ró. Ó wo apá òsì. "Èmi nìyí." Ó wo apá ọ̀tún, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó fi ìka kan ibi èéfín náà.

"Táyé nìyí," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ó ń jẹ èwà."

Ó yí fọ́tò náà sí ìyá rẹ̀.

"Ó ń jẹ ẹ́, kò dá tèmi sí. Ìyá mi, ẹ bu tèmi fún mi."

Àṣàkẹ́ dìde. Kò sí èwà nílé, gbogbo rẹ̀ ni ó ti yan sínú àpò. Ó bá ẹ̀yìnkùlé sáré lọ sí ilé àwọn aládùúgbò, gèlè rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lọ́nà, kò mú un. Nígbà tí ó bu èwà dé, ó bá ọkọ rẹ̀ níbi tí ó fi í sí, ó fi ọwọ́ kan di èjìká mú.

"Èjìká ń dùn mí," ni Ọdẹ́rìndé wí fún un. "Okùn àpò yẹn ni."

Ó wo ojú rẹ̀. "Omi ń bọ́ lójú yín."

"Èjìká ni," ni ó wí.

Ibi tí ó sọ ọ́ dé nìyẹn. Òjò ti dá, omi ń kán láti etí òrùlé. Ògúnṣọlá wo ọparun tí ó wà lára ògiri, ó wú ikọ́ díẹ̀. "Ó fúyẹ́ lóòótọ́?"

"Gbé e wò."

Kò gbé e. Obìnrin ẹ̀yìnkùlé, tí ó ga, tí ó sì kún lára, jáde, ó gbé èwà tí ń rú èéfín wá nínú abọ́ ńlá. Kí ó tó gbé abọ́ sílẹ̀ fún àlejò, ó bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí ewé, ó gbé ewé náà sábẹ́ ọparun. Ògúnṣọlá, tí ebi ti ń pa láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, na ọwọ́ sí èyí tí ó sún mọ́ ọn jù.

"Bàbá, ti Táyé nìyẹn," ni obìnrin náà, Kẹ́hìndé, wí. "Tiyín wà nínú abọ́."

Ògúnṣọlá fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Ọdẹ́rìndé kò sọ nǹkan kan mọ́, àwa náà sì ti ní ibi tí ó bá ti dákẹ́ ni a ó dákẹ́.